Dókítà ẹranko tó fẹ́ fi ìbísí ẹṣin ṣe iṣẹ́: ọ̀nà wo ni kí n gbà láti Iléṣà?

Àdùkẹ́ Obòkun

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Katsina. Ilé wa ní Iléṣà ni mo wà báyìí. Ọ̀gá tí mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní òkè ọya máa ń lọ wo abo ẹṣin fún àwọn tó ń gbá pólò, ó sì máa ń mú mi dání. Iṣẹ́ yẹn ni ọkàn mi fà sí: kí n mọ ìgbà tí abo yóò gba akọ, kí n mọ̀ bóyá ó ti lóyún, kí n sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń bí.

Bàbá mi ti ra ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ifẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí n ṣí ilé ìtọ́jú adìyẹ síbẹ̀, kí n sì máa ta oúnjẹ ẹran àti oògùn. N kò kó iyán iṣẹ́ adìyẹ kéré, nítorí òun ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa dókítà ẹranko ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà di ọ̀jáfáfá nínú ìbísí ẹṣin, bóyá dandan ni kí n kúrò ní Nàìjíríà, àti bóyá ẹni tó ń gbé Iléṣà tilẹ̀ lè fi iṣẹ́ náà jẹun.

Dókítà Adìyẹ, Ìpetumodù

Ọmọ mi, kú oríire. Mo ti ń tọ́jú ẹran ní agbègbè Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tó pè mí rí pé kí n wá wo oyún ẹṣin. Àwọn ẹṣin tí ẹ ń rí níbi ìsìnkú olówó àti ayẹyẹ ọba, akọ ni púpọ̀ nínú wọn, láti Ìlọrin tàbí òkè ọya ni wọ́n ti ń kó wọn wá, bí ariwo bá sì ti parí, wọ́n á tún kó wọn sínú ọkọ̀ padà. Igbó ni ilẹ̀ wa. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé níhìn-ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí apá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin fi ká ọ̀dàn ṣùgbọ́n tí kò ká igbó.

Gba ilẹ̀ bàbá rẹ. Ẹni tó bá ń sin ẹgbẹ̀rún adìyẹ kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó tó pè ọ́ bí méjì bá kú láàárọ̀. Mo tún fẹ́ sọ èyí láìfi bò: iṣẹ́ à-ń-tọwọ́-bọ-ìdí-ẹṣin, níbi tí ẹran ti lè ta ènìyàn nípàá, kì í ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ obìnrin tó ń retí àtilọ sílé ọkọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Kaduna

Òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ nípa igbó. Gbólóhùn tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ ni n kò fara mọ́, ṣùgbọ́n màá fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Dókítà Àdùkẹ́, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà wà. Ẹṣin tí àwọn ìjòyè ń gùn níbi Durbar, akọ ló pọ̀ jù nínú wọn, kò sí ilé-ọmọ tí o fẹ́ wò níbẹ̀. Pólò ni ọ̀rọ̀ wà. Abo ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹṣin tí wọ́n fi ń gbá pólò káàkiri àgbáyé, wàhálà kan sì ti ibẹ̀ yọ: abo tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ ni olówó rẹ̀ ń fẹ́ kó bímọ, bẹ́ẹ̀ oṣù mọ́kànlá ni oyún ẹṣin, yóò sì tún fún ọmọ lọ́mú fún oṣù mélòó kan sí i. Ẹṣin tó yẹ kó wà lórí pápá á wá di ìyá ọlọ́mọ. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ní Argentina ni pé wọ́n á fún abo náà ní àtọ̀, wọ́n á fọ ọlẹ̀ jáde kúrò ní ilé-ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ keje tàbí ìkẹjọ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jábọ́, wọ́n á sì gbé e sínú abo mìíràn tí kò níṣẹ́ kankan ju kó gbé oyún lọ. Ìyá tó ni ọmọ á padà sórí pápá.

Nàìjíríà ńkọ́? Kí n má tàn ọ́: púpọ̀ nínú àwọn olówó pólò wa fẹ́ràn kí wọ́n ra ẹṣin tó ti mọṣẹ́ láti Argentina tàbí Gúúsù Áfíríkà ju kí wọ́n máa dúró de ọmọ ẹṣin tí yóò dàgbà, tí wọ́n á sì tún kọ́ ní eré. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń bí tiwọn. Ṣùgbọ́n bí dọ́là ṣe ń gòkè yìí, àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé "Ṣé abo mi yìí kò lè bímọ ni?" ti ń pọ̀ sí i.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ náà kò ní ariwo. Ní ọjọ́ mọ́kànlélógún sí ara wọn ni abo ẹṣin ń yí, yóò sì máa gba akọ fún bíi ọjọ́ márùn-ún sí méje nínú rẹ̀. Mímọ ọjọ́ tí ẹyin yóò jábọ́ nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni gbogbo ọgbọ́n. O máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ẹṣin, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Olókùn ẹṣin á di orí mú, ìwọ náà á ti ọwọ́ tó ní ìbọ̀wọ́ gígùn wọlé pẹ̀lú ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán inú ara hàn, o máa wọn àpò omi tí ẹyin wà nínú rẹ̀, o máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún di ọ̀la. Tó bá ti kọjá milimítà 35, tí ilé-ọmọ sì ti wú, o lè fún un ní abẹ́rẹ́ hCG tàbí deslorelin kí ẹyin lè jábọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tí sùúrù rẹ̀ kò tó á ti gba akọ wọlé ṣáájú àkókò.

Ọjọ́ kẹrìnlá sí ìkẹrìndínlógún ni kí o má ṣe jẹ́ kó fò ọ́ láéláé. Ìbejì tí àwa Yorùbá ń fi ijó gbà, àjálù ni fún abo ẹṣin, nítorí ilé-ọmọ rẹ̀ kì í sábà lè bọ́ méjì, oyún náà á sì bàjẹ́ nígbà tó bá ti ga. Títí di bíi ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọlẹ̀ ẹṣin kì í jókòó sójú kan, ńṣe ló ń yí kiri inú ilé-ọmọ. Àkókò yẹn ni o lè rọra fi ẹ̀rọ tì wọ́n kúrò lára ara wọn, kí o sì tẹ ọ̀kan fọ́. Bí wọ́n bá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti le.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o padà sí òkè ọya, kí o wà lábẹ́ ẹni tó ń ṣe é. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ti Iléṣà kọ́.

Olùkọ́ Ọ̀sìn, Mọ̀rẹ̀

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn níhìn-ín ní Ifẹ̀, mo sì rò pé ẹ ń yára lé ọmọ yìí kúrò nílé. Ọwọ́ ni iṣẹ́ náà wà, a sì lè ti ara màlúù kọ́ ọwọ́. Màlúù wà ní gbogbo ilé ìpẹran wa. Kó bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn alápatà, kó máa fọwọ́ kan ilé-ọmọ àti ilé-ẹyin tí wọ́n bá yọ, kó mọ bí wọ́n ṣe ń rí lọ́wọ́ kó tó di pé ó ń wá wọn láìfojú rí. Lẹ́yìn èyí, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún màlúù ní àtọ̀ láìsí akọ. Ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ti màlúù dáadáa, ti ẹṣin kò ní jìnnà sí i.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Kaduna

Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n tún apá kan nínú rẹ̀ ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ẹran olówó iyebíye ti ń kú. Ìfun ìdí ẹṣin kò nípọn tó ti màlúù, bó bá ń tì ọ́ jáde, tí ìwọ náà ń fi agbára tì í wọlé, ó lè ya, ẹṣin tí ìfun rẹ̀ bá sì ya wọ inú ikùn kì í sábà yè. Ọwọ́ tí màlúù ń gbà mọ́ra, ẹṣin kò ní gbà á. Bó bá ti fún ọwọ́ rẹ, dúró jẹ́ẹ́, tàbí kí o fa ọwọ́ sẹ́yìn, tàbí kí o fún un ní oògùn tó ń dẹ ìfun.

Ọrùn ilé-ọmọ wọn kò tún jọra. Ti màlúù le, ó ní òrùka nínú, láti inú ìfun ni a ti ń dì í mú kí ọ̀pá àtọ̀ tó lè kọjá. Ti abo ẹṣin tó ń wá akọ rọ̀ débi pé ìka ni a fi ń tọ́ ọ̀pá náà wọlé láti ojú ara. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹyin: ẹyin màlúù lè já láti ibikíbi lára rẹ̀, ti ẹṣin kò ní ju kòtò kan ṣoṣo tó máa ń gbà jáde. Màlúù dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ti ilé ìpẹran pàápàá, mo gbà bẹ́ẹ̀. Kó má kàn rò pé òun ti mọ ẹṣin.

Ará Ifẹ̀ ní Kentucky

Ẹ kú àárọ̀ láti ibi tí òru ti ń lọ. Àbúrò, Ọ̀kẹ̀rẹ́wẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, agbègbè Lexington ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nídìí ẹṣin eré ìje. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà òkè òkun, nítorí ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ bíi pé ìwé ìwọ̀lú nìkan ló ń dí i lọ́wọ́.

Oyè tí o gbà ní Ìbàdàn kò tó láti fi tọ́jú ẹran ní Amẹ́ríkà. Ètò méjì ló wà fún àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ níbòmíràn: ECFVG, tí AVMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń darí, àti PAVE. ECFVG ní ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò ìmọ̀ ìpìlẹ̀, àti ìdánwò ọwọ́ tí wọ́n á ti wò ọ́ bí o ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ẹran láàyè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń gbọ́n owó lápò ènìyàn jù. O tún máa ṣe NAVLE, ìdánwò ìwé àṣẹ àwọn dókítà ẹranko níbẹ̀, kí ìpínlẹ̀ tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ tó fún ọ ní ìwé àṣẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́dọ̀ RCVS, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa níbẹ̀.

Kí wọ́n tó pè ọ́ ní onímọ̀ àkànṣe, American College of Theriogenologists, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àkànṣe nínú ìbísí ẹran tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ń fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe ọdún kan nídìí iṣẹ́ gbogboogbò, kí o sì lo ó kéré tán ọdún méjì lábẹ́ àwọn onímọ̀ àkànṣe kí o tó jókòó ṣe ìdánwò wọn. Ìdánwò náà kò mọ sórí ẹṣin. Wọ́n á bi ọ́ ní ti màlúù, ajá, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà má ṣe gbàgbé àwọn ẹran tí o fi sílẹ̀ nílé. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí kéré gan-an sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n, èyí ni mo fẹ́ kí o dì mú: kì í ṣe dandan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìbísí ẹṣin láti àárọ̀ dalẹ́ níhìn-ín kò ní oyè àkànṣe yẹn. Àwọn ọgbà ẹṣin fẹ́ ẹni tí abo ń lóyún lọ́wọ́ rẹ̀. Oyè náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì tàbí tí wọ́n ń gbé ẹran tó ti sú àwọn yòókù wá bá.

Bí ọdún ṣe ń rí nìyí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìbí gbogbo Thoroughbred, ìran ẹṣin eré ìje, ní apá àríwá ayé, nítorí náà gbogbo olówó ń fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ tètè dé lọ́dún. Láti àárín oṣù kejì títí wọ oṣù keje, kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè. Irú ẹṣin yìí gan-an, wọn kò gba àtọ̀ inú ìgò láàyè: akọ gbọ́dọ̀ gun abo fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní forúkọ ọmọ sílẹ̀. Òru ni púpọ̀ nínú wọn ń bí, ìṣẹ́jú bíi ogún sí ọgbọ̀n ni ọmọ máa ń lò láti ìgbà tí omi bá ti já. Bí o bá rí awọ pupa tó ń yọ dípò èyí tó funfun, ibi ọmọ ti ṣí kúrò ṣáájú àkókò nìyẹn, ya á lójú ẹsẹ̀ kí o sì fa ọmọ jáde, nítorí kò rí èémí gbà mọ́. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ọmọ á dìde láàárín wákàtí kan, á mu ọmú láàárín méjì, ibi rẹ̀ á sì jáde láàárín mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni Australia ń ka ọjọ́ ìbí tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ dókítà kan sì máa ń parí ọdún níhìn-ín kí wọ́n tún lọ ṣe tọ̀hún. Ẹni bá ṣe bẹ́ẹ̀ á kọ́ ohun púpọ̀ láàárín àkókò díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ.

Nǹkan kan tí o lè máa palẹ̀ fún láti ilé: a máa ń tan iná fún àwọn abo láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ní láti ro ti iná mànàmáná.

Ẹlẹ́ṣin Òde

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wá, ìdílé wa máa ń gun ẹṣin lọ Ojúde Ọba, mo sì ní abo méjì. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tó ń sanwó. N kò pe dókítà nítorí oyún rí. Ìgbà tí mo máa ń pè é ni ìgbà tí ẹṣin bá dùbúlẹ̀, tó ń yí gbiri, tó ń wo ìhà rẹ̀, tí kò yàgbẹ́. Inú rírun ń pa ẹṣin kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí o bá mọ oyún nìkan, tí o kò mọ inú rírun, pátákò àti eyín, n kò lè gbà ọ́.

Dókítà Ìyá Ìbejì

Mo ti ń dúró de ibi tí màá ti wọlé. Bàbá wa láti Ìpetumodù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo ń tọ́jú ẹṣin ní Èkó, mo lọ́kọ, mo bímọ. Kì í ṣe agbára apá ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹṣin, bí kò ṣe ibi tí ènìyàn dúró sí, ẹni tó di orí rẹ̀ mú, àti kí a má tijú láti fún un ní oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọwọ́ tí kò tóbi tilẹ̀ ń ṣàǹfààní nínú ìfun tí Ọmọ Ọ̀yọ́ sọ pé ó máa ń ya yẹn.

Àmọ́ ewu kan wà tó kan obìnrin ní tòótọ́, àwọn ọ̀gá kan kì í sì í sọ ọ́. Oògùn prostaglandin tí a fi ń mú abo padà sí àkókò wíwá akọ máa ń gba awọ ara wọlé. Bó bá dà sí aláboyún lọ́wọ́, ó lè ba oyún jẹ́. Bó bá dà sí ẹni tó ní ikọ́ fée, ó lè mú un lọ́fun. Altrenogest, oògùn tó ń dá wíwá akọ dúró tí wọ́n ń dà sí oúnjẹ abo, kò dára kó kan ọwọ́ obìnrin bákan náà. Wọ ìbọ̀wọ́ tí kò lu, má ṣe fi ẹnu ṣí ìdérí abẹ́rẹ́, bó bá sì dà sí ọ lára, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo lóyún, ẹlòmíràn ló ń bá mi fa oògùn náà, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ níwọ̀n tó yẹ. Àwọn olókùn ẹṣin náà, kọ́ wọn, nítorí wọ́n máa ń gbé ìgò yẹn sápò láìbìkítà.

Lórí ohun tí Ẹlẹ́ṣin Òde sọ, mo gbà fún un pátápátá. Inú rírun ló ń san owó ilé mi. Ìbísí ni mo fẹ́ràn.

Dókítà Adìyẹ, Ìpetumodù

Mo ti gbọ́, ìyàwó wa, mo kó ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kúrò. Ọ̀rọ̀ owó ni n kò kó. Bó bá jẹ́ àtọ̀ ẹṣin òkè òkun ni àwọn olówó pólò ń fẹ́, ṣé kò lè jókòó sí Iléṣà kó máa gbà á wọlé, kó máa pín in fún wọn?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Kaduna

Ẹ̀gbọ́n, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi yìnyín tọ́jú ní nǹkan bíi 5°C kì í dára kọjá ọjọ́ kan sí méjì, kò sì ní tíì kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú kó tó bàjẹ́. Èyí tó dì, inú nitrogen olómi tó tutù dé −196°C ló ń wà, bí nitrogen bá sì gbẹ nínú agolo, gbogbo owó ti jóná. Ìwé àṣẹ àwọn aṣàyẹ̀wò tó ń ṣọ́ ẹnubodè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lékè gbogbo rẹ̀, àtọ̀ tó dì kì í pẹ́ láyé nínú abo, nítorí náà o gbọ́dọ̀ máa wo abo ní wákàtí mélòó kan sí ara wọn kí o lè bá ìgbà tí ẹyin jábọ́ pàdé. Ta ni yóò ti Iléṣà wá ṣe ìyẹn ní Kaduna? Ẹ má sì gbàgbé àrùn ẹṣin ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí kòkòrò kékeré ń gbé kiri lóru: nítorí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ kì í fi í gba ẹṣin láti ọ̀dọ̀ wa wọlé, a kò lè rò pé a ó máa bí ẹṣin tà sókè òkun.

Olùkọ́ Ọ̀sìn, Mọ̀rẹ̀

Wọ́n ti tọ́ mi sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ màlúù, mo dúpẹ́. Ó wá kù kí èmi náà tọ́ ará Kentucky sọ́nà lórí iná. Ní ọ̀dọ̀ yín, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù lọ àti èyí tó kúrú jù lọ ju wákàtí márùn-ún lọ, ìdí nìyẹn tí ẹṣin yín fi ń dákẹ́ nígbà òtútù. Ní Iléṣà, ìyàtọ̀ yẹn kò tó wákàtí kan. Abo tó ń gbé nítòsí ìlà ìdajì ayé lè máa yí jálẹ̀ ọdún. Oúnjẹ ló sábà máa ń dá a dúró. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí koríko bá ti gbẹ, tí egungun ìhà abo sì hàn, iná kò ní ràn án lọ́wọ́. Kí Dókítà Àdùkẹ́ fi owó jẹnẹrétọ̀ ra bàbà, ẹ̀wà àti koríko gbígbẹ.

Ará Ifẹ̀ ní Kentucky

Òótọ́ ni, Olùkọ́. Mo fi ojú ibi tí mo wà wò ó.

Àdùkẹ́ Obòkun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú mi. Wọ́n gbà kí ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ti ń wá ibi iṣẹ́ jókòó sí ilé ìtọ́jú adìyẹ náà, kí èmi máa bójú tó ìṣirò rẹ̀, kí n sì padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Katsina títí òjò tó ń bọ̀. Mo tún fẹ́ wo ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú theriogenology ní Zaria. Ìbéèrè kan ló kù: ẹ̀rọ wo ni kí n kọ́kọ́ ra, kí owó má bàa ṣòfò?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Kaduna

Ultrasound alágbèéká tó ní orí gígùn tí a ń tì wọ inú ìfun, tó ń ṣiṣẹ́ ní bíi 5 MHz. Èyí tí o fi ń wo ẹṣin ni o máa fi wo màlúù, àwọn Fúlàní àti àwọn tó ní ọgbà màlúù á máa sanwó rẹ̀ fún ọ nígbà tí ẹṣin kò bá sí. Rí i dájú pé bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, kí o sì dán an wò nínú oòrùn ọ̀sán, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í fi àwòrán hàn níta gbangba. Má tíì ra agolo nitrogen.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ìwé àkọsílẹ̀. Abo kọ̀ọ̀kan tí o bá wò, kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìgbà tó bí kẹ́yìn, bí àpò ẹyin ṣe tóbi tó lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bóyá omi wà nínú ilé-ọmọ, oògùn tí o fún un, akọ tó gùn ún, àti ohun tí o rí ní ọjọ́ kẹrìnlá. Èyí tí kò lóyún ni kí o kọ dáadáa jù. Ibikíbi tí o bá ti béèrè ààyè ẹ̀kọ́, Zaria ni o, Amẹ́ríkà ni o, wọ́n á bi ọ́ ní ohun tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, ìwé yẹn ni o máa gbé sílẹ̀ níwájú wọn.